Àwo Orin Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu: Ẹ̀kọ́ fún Abiyamọ Nípa Orin Rọ́ọ̀kì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ ní oṣù yìí mu, ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ wa ọ̀wọ́n. Ọ̀rọ̀ orin ni. Ọ̀rọ̀ orin kò sì kéré nínú ilé, nítorí pé díẹ̀ ni ohun tí ó tètè ń dá gbọ́nmi-si-omi-ò-to sílẹ̀ láàárín òbí àti ọmọ tí ó ń bàlágà tó orin tí ọmọ ń gbọ́. Ìyá ti ọjà tàbí ibi iṣẹ́ dé, ó fẹ́ sinmi. Ọmọ ti tan ẹ̀rọ, gìtá ń han gooro, ìlù ń dún bí ẹni pé òrùlé fẹ́ ṣí. Ìyá a ní, "Ta ni ó ń lu agolo nínú ilé mi?" Ọmọ a ní, "Màmá, orin ni o."

Bí ọmọ yín bá sọ fún yín pé "alternative metal" ni orúkọ orin náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Irin ni ìtumọ̀ "metal"; wọ́n fi orúkọ yìí pè é nítorí pé ó wúwo, ó sì le. Èyí tí wọ́n ń pè ní "alternative metal" ni èyí tí àwọn olórin mú oríṣiríṣi orin mìíràn dà mọ́ orin líle náà, tí ó fi di ọbẹ̀ ẹlẹ́ja, ẹlẹ́ran, eléwébẹ̀. A ó sọ ibi tí orin bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó mú àwo kan tí àwọn obìnrin Yorùbá méjì, tí wọ́n jẹ́ ìbejì, gbé jáde ní ọdún 1976 wá síwájú yín, kí ẹ lè rí i pé àwa náà ti mọ àdàlù orin tipẹ́, àti pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí ó ní ọmọbìnrin nílé.

IBI TÍ ORIN RỌ́Ọ̀KÌ TI ṢẸ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orin àwọn aláwọ̀ funfun ni rọ́ọ̀kì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà. Nínú orin ìbànújẹ́ tí wọ́n ń pè ní "blues", àti nínú orin ìyìn inú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ni wọ́n ti fa rọ́ọ̀kì yọ.

Ẹni tí ó yẹ kí gbogbo abiyamọ mọ̀ nínú ìtàn náà ni obìnrin kan tí ń jẹ́ Sister Rosetta Tharpe. Ìpínlẹ̀ Arkansas ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1915. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ajíhìnrere tí ń kọrin nínú ìjọ, láti kékeré ni ó sì ti ń mú ọmọ náà lọ síbi ìsìn kí ó lè máa ta gìtá. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà, ó gbé gìtá oníná kọ́ ọrùn, ó sì ń fi í kọ orin ìyìn lọ́nà tí àwọn èwe ìgbà náà kò tíì gbọ́ rí. Ní ọdún 1944 ni ó kọ orin kan tí àwọn onímọ̀ kà kún ọ̀kan nínú àwọn orin tí ó ṣáájú rọ́ọ̀kì. Àwọn ọkùnrin olórin tí òkìkí wọn kàn lẹ́yìn náà wòkọ́ṣe lára rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1973. Ọdún 2018 ni wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń bu ọlá fún àwọn aṣáájú rọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà. Ẹ ò rí i pé obìnrin, ọmọ obìnrin, wà ní ìdí orin yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀? Ìyá kan ni kò sì já gìtá gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

Orin náà wá ré òkun kọjá dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin kan ní ìlú Birmingham, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Black Sabbath, gbé àwo àkọ́kọ́ wọn jáde. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó bí orin tí a ń pè ní "metal". Tony Iommi ni ó ń ta gìtá fún wọn. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ irin ni tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ sì ti gé orí ìka rẹ̀ méjì. Dípò kí ó ká gìtá nílẹ̀, ó fi ohun èlò ṣe ìbọ̀ sí orí àwọn ìka náà, ó sì dẹ okùn gìtá rẹ̀ kí ó má baà máa dùn ún. Okùn tí ó dẹ̀ yìí mú kí ohùn gìtá náà balẹ̀ kí ó sì wúwo. Bí àbùkù ara ẹnìkan ṣe di ẹwà orin nìyẹn.

Nígbà tí ó di ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn èwe mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í da orin líle yìí mọ́ àwọn orin mìíràn. Àwọn ọmọ dúdú mẹ́rin ní New York tí wọ́n ń jẹ́ Living Colour gbé àwo *Vivid* jáde ní ọdún 1988. Wọ́n da orin líle pọ̀ mọ́ orin ijó àwọn ènìyàn dúdú àti jáàsì. Ní ọdún 1989, ẹgbẹ́ Faith No More ti California gbé *The Real Thing* jáde, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ wótowòto bíi ti àwọn olórin ráàpù lé orí gìtá líle. Irú àwọn àwo wọ̀nyí ni wọ́n ń kà sí "alternative metal". Àwọn kan bínú, wọ́n ní wọ́n ti ba rọ́ọ̀kì jẹ́. Àwọn mìíràn ní wọ́n ti tún un ṣe. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí títí di òní.

ÌKIRÈ ÀTI ÀPÒMÙ MỌ ADÙN ÀDÀLÙ

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sílé. Bí ènìyàn bá ti Ìbàdàn ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀, tí ó ré odò Ọ̀ṣun kọjá, kò ní pẹ́ dé Ìkirè, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ta dòdò Ìkirè fún èrò ọkọ̀. Gbogbo ẹni tí ó ti gba ọ̀nà náà rí ni ó mọ̀ ọ́n: dúdú minimini, ó ta, ó dùn, ó sì rọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n ju bí ó ti yẹ lọ, tí ẹlòmíràn ì bá dà nù, ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn a gún un pọ̀ mọ́ ata àti iyọ̀, wọn a sì dín in nínú epo pupa títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dúdú. Ẹni tí kò tọ́ ọ wò rí lè rò pé ó jóná ni. Àdídùn ọ̀gẹ̀dẹ̀, títa ata àti epo pupa: ẹ dá wọn jẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò ní dà bí ìgbà tí wọ́n wà pọ̀.

Àpòmù tí ó múlé gbe Ìkirè náà ní ìtàn tirẹ̀. Kí ogun Òwu tó tú ilẹ̀ náà ká ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, ọjà Àpòmù jẹ́ ibi tí Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé láti rà àti láti tà. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ pé aáwọ̀ lórí ataare nínú ọjà náà wà lára ohun tí ó tanná ran ogun. Ìtàn náà kọ́ wa pé ibi tí oríṣiríṣi ènìyàn bá ti pàdé, ọrọ̀ lè tibẹ̀ jáde, ìjà náà sì lè tibẹ̀ jáde. Bákan náà ni orin. Ẹni tí ó bá fẹ́ da orin méjì pọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n, bí alásè ṣe ń mọ ìwọ̀n iyọ̀.

Ẹ wo jùjú pàápàá, tí a ń pè ní orin ilẹ̀ wa. I. K. Dairo fi àkọ́díọ̀nì sí i. Sunny Adé àti Ebenezer Obey kó gìtá oníná jọ sí i. Sunny Adé tún mú gìtá tí wọ́n ń fi irin yọ̀ lórí okùn, èyí tí ó ti erékùṣù Hawaii wá, Demola Adepoju sì ń fi í ṣe ohun ìyanu láàárín gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ta ni nínú wa tí ó jẹ́ sọ lónìí pé èyí kì í ṣe orin Yorùbá?

BÍ RỌ́Ọ̀KÌ ṢE DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, ara àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà wà lọ́nà fún ohun tuntun. Owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, àwọn ènìyàn ń ra giramafóònù, àwọn ilé-iṣẹ́ EMI àti Decca sì ń tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù ní Èkó. Ní àkókò yìí ni Ginger Baker, onílù rọ́ọ̀kì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ti kan gbogbo ayé, wá sí Nàìjíríà nítorí ìfẹ́ tí ó ní sí ìlù ilẹ̀ Áfíríkà. Ó bá Fela lu ìlù, ó sì kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Èkó.

Àwọn ọmọ wa náà kò sùn. Ẹgbẹ́ Monomono ti Joni Haastrup gbé àwo tirẹ̀ jáde ní ọdún 1972. Ní ọdún 1973, Berkley Jones, Laolu Akintobi àti Mike Odumosu, tí wọ́n fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn pe ẹgbẹ́ wọn ní BLO, gbé *Chapter One* jáde, àwo tí gìtá rẹ̀ le tí ó sì ń bú bí ààrá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé St. Gregory's ní Èkó, tí wọ́n ń jẹ́ Ofege, ṣe tiwọn nígbà tí wọ́n ṣì ń wọ aṣọ ilé-ìwé.

Láàárín gbogbo àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ni obìnrin méjì ti yọ bí oṣù, Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu. Ìlú Jos ni wọ́n ti bí wọn ní oṣù kẹwàá ọdún 1948. Wọ́n tan mọ́ Fela. Wọ́n ti kọ orin wọn tí ń jẹ́ "Ìyá Mi Jọ̀wọ́" sórí àwo ní ìparí àwọn ọdún 1960, nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọ ogún ọdún tàbí díẹ̀ lé e. Lẹ́yìn èyí ni àwọn àti díẹ̀ nínú àwọn ọkùnrin tí ó di BLO nígbẹ̀yìn jọ dá ẹgbẹ́ Afro Collection sílẹ̀. Nígbà tí Ginger Baker dá ẹgbẹ́ Salt sílẹ̀, àwọn ìbejì yìí wà nínú rẹ̀, wọ́n sì bá a lọ sí ìlú Munich ní Jámánì nígbà ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1972.

ÀWO "DANGER" TI ỌDÚN 1976

Ọdún 1976 jẹ́ ọdún tí Nàìjíríà kò lè gbàgbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ni ìjọba pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta, tí Ìkirè àti Àpòmù fi bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Wọ́n wà níbẹ̀ títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1991. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976 kan náà ni wọ́n pa olórí ìjọba, Ọ̀gágun Murtala Muhammed. Owó oṣù tí Udoji fi kún ti àwọn òṣìṣẹ́ kò tíì pẹ́, ṣùgbọ́n ọjà ti gbówó lórí, owó náà kò sì tó ná mọ́. Nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìbejì Lijadu gbé *Danger* jáde lábẹ́ àmì Afrodisia ti ilé-iṣẹ́ Decca.

Ìtumọ̀ "danger" ni ewu. Kí ni ènìyàn yóò gbọ́ bí ó bá gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ? Yóò kọ́kọ́ gbọ́ gìtá oníná tí ohùn rẹ̀ ha bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni: wọ́n fi iná tì í ju bí ẹ̀rọ ti lè gbé e lọ, kí ohùn náà lè fọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìyáàlù dùndún. Kí ni àwọn baba wa fi ṣaworo sí etí rẹ̀ fún? Nítorí kí ohùn awọ má baà jáde ní ìhòòhò ni, kí ó lè ní ariwo wẹ́wẹ́ tí yóò máa bá a rìn. Ohun tí àwọn onírọ́ọ̀kì ń fi iná wá, àwa ti fi ṣaworo rí i tipẹ́.

Lábẹ́ gìtá náà ni dùùrù òyìnbó wà, àti gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ tí ó ń yí po bí ẹni ń gún iyán, pẹ̀lú ìlù tí ó da ti òyìnbó pọ̀ mọ́ tiwa. Biddy Wright, ọ̀gá nínú títa gìtá àti títo orin, ni ó bá wọn ṣiṣẹ́. Lórí gbogbo èyí ni ohùn àwọn obìnrin méjì náà wà. Wọn kì í pariwo. Wọ́n jọ ń gbé ohùn sókè, wọ́n jọ ń gbé e sílẹ̀, tí ó fi dà bí ẹni pé ènìyàn kan ni ó ní ọ̀nà ọ̀fun méjì. Ohùn wọn tútù lórí orin tí ó gbóná. Bí ata àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń pàdé nínú dòdò Ìkirè ni èyí ṣe rí.

Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú àwo náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlú àti ti ilé ni wọ́n ń fi í sọ. Orin kan sọ nípa bí ayé ṣe rẹlẹ̀. Òmíràn kọjú sí àwọn tí ń sọ ìnira ẹlòmíràn di owó. Ọ̀kan ń jẹ́ "Amebo". Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá tí ó wo eré *The Village Headmaster* lórí tẹlifíṣọ̀n yóò ti gbọ́ orúkọ yìí, nítorí Amebo ni orúkọ obìnrin olófòófó tí Ibidun Allison ṣe nínú eré náà, tí ó wá di orúkọ gbogbo olófòófó ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ ìgboro ni àwọn obìnrin wọ̀nyí gbé lé orí gìtá líle.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé *Mother Africa* jáde ní ọdún 1977, èyí tí Yorùbá pọ̀ nínú rẹ̀ tí ó sì sún mọ́ orin ìbílẹ̀; *Sunshine* ní ọdún 1978; àti *Horizon Unlimited* ní ọdún 1979. Ẹni tí ó bá gbọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀léra yóò rí i pé wọn kò dúró sójú kan. Wọ́n ń lọ láti orí rọ́ọ̀kì sí orin àwọn baba, láti ibẹ̀ sí orin ijó ìgbà náà, wọn kò sì sọ ohùn ara wọn nù.

OBÌNRIN LÁÀÁRÍN ỌKÙNRIN

Ẹ̀yin ìyá, ibi tí bàtà ti ta wọ́n lẹ́sẹ̀ nìyí. Láyé ìgbà náà, bí ọmọkùnrin bá ní òun yóò kọrin, àwọn òbí rẹ̀ a fajú ro pé ọmọ àwọn fẹ́ di alágbe. Bí ó bá jẹ́ ọmọbìnrin, ọ̀rọ̀ a burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn a ní ta ni yóò fẹ́ ẹ, ta ni yóò máa bá a wo ilé. A ní àwọn obìnrin tí ń kọ wákà, a ní àwọn onírárà àti àwọn tí ń sun ẹkún ìyàwó, ṣùgbọ́n obìnrin tí yóò dúró níwájú gìtá oníná, tí yóò kọ orin tirẹ̀ tí kì í ṣe pé ó ń gbè fún ọkùnrin, ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Àwọn ìbejì yìí ṣe é. Ní ọdún 1979, Jeremy Marre, tí ó jẹ́ ará Gẹ̀ẹ́sì, ya fíìmù kan tí ó pè ní *Konkombé* nípa orin Nàìjíríà, ó sì fi wọ́n hàn nínú rẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin olórin.

Ṣùgbọ́n òkìkí ọ̀tọ̀, owó ọ̀tọ̀. Nínú òwò rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ àti owó ni ó máa ń kọ ìwé àdéhùn, olórin a sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí kò bá ka ìwé náà yékéyéké, iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, àwo a máa tà, ẹni tí ó kọ orin a sì máa wò. Olórin obìnrin tí kò ní alágbàwí ni èyí tètè ń bá.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn ìbejì náà ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi Brooklyn ní New York ṣe ilé. Ní ọdún 1996, Kẹ́hìndé ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ó sì fi egungun ẹ̀yìn pa. Wọ́n dákẹ́ orin kíkọ ní gbangba fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí ẹni tí ó ní kí Táíwò dákẹ́, ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ohùn tí ó ti jẹ́ méjì láti inú oyún wá, ẹnìkan kò lè dá a kọ. Wọ́n padà gun orí ìtàgé ní ọdún 2014 níbi eré tí wọ́n fi ń yẹ́ William Onyeabor sí. Ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 2019, Kẹ́hìndé dágbére fáyé. Ginger Baker ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní oṣù kan péré.

IPÒ TÍ ÀWO NÁÀ WÀ

A kò sọ pé orin "metal" ni *Danger*. Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ yín, yóò fi yín rẹ́rìn-ín. Gìtá rẹ̀ kò wúwo tó ti Black Sabbath, ijó sì wà nínú rẹ̀ ju ìbínú lọ. Ṣùgbọ́n ìbátan ni wọ́n. Gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ti hù, ohun kan náà ni wọ́n sì ṣe: wọ́n mú gìtá líle ti rọ́ọ̀kì, wọ́n kò gbà pé òfin kan wà tí ó ní kí a má fi ohun mìíràn sí i. Nígbà tí àwọn èwe Amẹ́ríkà ń jà lórí bóyá ó tọ́ kí a da rọ́ọ̀kì pọ̀ mọ́ orin àwọn ènìyàn dúdú ní ìparí àwọn ọdún 1980, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí àwọn obìnrin Yorùbá méjì ti ṣe tiwọn ní Èkó tí wọn kò sì bi ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ó pa irú orin bẹ́ẹ̀ lára nílé ni pé àkókò yí padà. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ, orin ijó dísíkò gba ìgboro. Jùjú àti fújì gba òde ìnáwó. Nígbà tí owó orílẹ̀-èdè sì wá rọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, díẹ̀díẹ̀ ni ọwọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù rọ. Àwọn àwo náà bọ́ sínú àpótí àti abẹ́ ibùsùn. Àwọn àjèjì ni wọ́n wá ń wá wọn kiri. Ní ọdún 2011 àti 2012, ilé-iṣẹ́ Knitting Factory ní Amẹ́ríkà tún àwọn àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ jáde. Ní ọdún 2024, Numero Group ti Chicago tún gbé *Horizon Unlimited* jáde. Ohun tí a fi sílẹ̀ bí àgbagbà tí ó pọ́n jù, ẹlòmíràn mọ iyì rẹ̀.

OHUN TÍ ABIYAMỌ LÈ ṢE

Ìmọ̀ràn mẹ́rin ni a ní fún yín.

Èkíní, ẹ bá ọmọ yín jókòó, kí ẹ gbọ́ orin kan tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹ tó dájọ́. Ẹ bi í pé, "Kí ni ó ń sọ? Èwo ni o fẹ́ràn nínú rẹ̀?" Bí ọ̀rọ̀ inú orin náà bá jẹ́ èyí tí ó ń ba ìwà jẹ́, ẹ ó mọ̀, ẹ ó sì lè bá a wí pẹ̀lú ẹ̀rí. Bí ó bá jẹ́ pé líle rẹ̀ nìkan ni ó dùn mọ́ ọn, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú líle. Bàtá náà le.

Èkejì, ẹ ṣọ́ etí wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí ariwo bá dé ìwọ̀n désíbẹ̀lì 80, tí ó tó ariwo títì tí ọkọ̀ pọ̀ sí, etí àgbàlagbà lè gbà á fún wákàtí 40 ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá dé 90, wákàtí mẹ́rin péré ni. Bí ó bá dé 100, ogún ìṣẹ́jú ni ní ọ̀sẹ̀! Ti ọmọdé tún gbọ́dọ̀ dín sí ti àgbà. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má ṣe gbé ohùn fóònù kọjá ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá nígbà tí wọ́n bá ki íápíìsì bọ etí. Etí tí ó bá ti fọ́ kò ní àtúnṣe.

Ẹ̀kẹta, bí ọmọbìnrin yín bá ní ẹ̀bùn, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ alágbe pa á. Ẹ jẹ́ kí ó kàwé, kí ó sì kọ́ orin pẹ̀lú. Fásitì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà kan ní Ìkirè fún ẹ̀kọ́ èdè, ìtàn àti àṣà. Kò jìnnà sí ẹni tí ó wà ní Àpòmù. Ìmọ̀ èdè àti àṣà ni yóò jẹ́ kí ó ní ohun tirẹ̀ láti dà mọ́ ohun tí ó bá rí lọ́dọ̀ àjèjì. Ẹni tí kò ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ nílé, kí ni yóò fi ata rẹ̀ dín?

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn. Kí ó bèèrè nǹkan mẹ́rin kí ó tó tọwọ́ bọ ohunkóhun: ta ni yóò ni orin tí ó kọ, ta ni yóò ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, ọdún mélòó ni àdéhùn náà, kí sì ni ìpín tirẹ̀ lórí iye tí ó bá tà. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ Nàìjíríà ti ọdún 2022 fún ẹni tí ó kọ orin ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, àti fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Èyí já sí pé orin dà bí oko kòkó. Ọmọ lè jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ ta oko náà kò ní ohun tí ọmọ yóò jogún. Bí ìwé náà kò bá yé yín, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò. Owó tí ẹ ó san fún un kò tó ohun tí ẹ lè pàdánù.

Yorùbá gbà pé Táíwò ni ó kọ́kọ́ jáde láti tọ́ ayé wò, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé tí ó dé kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n. Bákan náà ni orin yìí rí. Rọ́ọ̀kì tí ó dé bá wa láti òkè òkun dà bí àlejò, ṣùgbọ́n nígbà tí a wo ìdí rẹ̀ dáadáa, ilé wa ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà. Nítorí náà, ẹ̀yin abiyamọ, bí ariwo gìtá bá sọ láti inú yàrá ọmọ yín, ẹ kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn, kí ẹ wọlé, kí ẹ sì fi etí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lè sọ pé kí ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀.

Kí Olódùmarè bá wa wo àwọn ọmọ wa, kí ó sì jẹ́ kí ẹ̀bùn wọn ṣe wọ́n ní àǹfààní.